Alágbàfọ̀ Tó Ń Ka Èémí Ọkọ Rẹ̀

Ìwé tí wọ́n fún wọn ní ilé ìwòsàn kò ṣòro láti kà. Ojú ewé kan péré ni. Àwòrán ọkùnrin kan wà lórí rẹ̀ tó sùn gbalaja, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lójú oorun bí ẹni tí ayé yẹ. Lábẹ́ àwòrán náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: “So ẹ̀rọ yìí mọ́ ara ní aago mẹ́wàá alẹ́. Má ṣe tú u títí di aago mẹ́fà àárọ̀.” Ó parí. Ẹni tó kọ ìwé yìí, níbi yòówù kó jókòó sí lágbàáyé, kò rántí pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé aago mẹ́wàá alẹ́ gan-an ni wọ́n ń kí ara wọn kú iṣẹ́.

Ọkọ alágbàfọ̀ wà lára wọn. Búrẹ́dì ló ń ṣe. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí olúkúlùkù ń wá ibi tó máa fẹ̀yìn lélẹ̀ sí, ìgbà yẹn lòun ń so épírọ́ọ̀nù mọ́ ìdí, tó ń da ìyẹ̀fun sínú ẹ̀rọ ńlá tó ń pò ó. Aago méje àárọ̀ ló ń wọlé pẹ̀lú ìyẹ̀fun nínú ihò etí, aago mẹ́jọ ló ń sùn, ó di aago mẹ́ta ọ̀sán kó tó lajú. Bó ṣe ń ṣe é láti ọdún mọ́kànlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó máa ń gbọ́ràn ni. Bí ẹ bá ní kó dúró síbì kan, ibẹ̀ ni ẹ ó ti bá a lọ́dún tó ń bọ̀. Ìwé ní aago mẹ́wàá alẹ́. Nígbà tí aago mẹ́wàá lù, ó so àpótí kékeré tí wọ́n fi ń ka èémí olóorun mọ́ àyà pẹ̀lú bẹ́líìtì rẹ̀, ó ki okùn tín-ín-rín bọ ihò imú, ó fi èyí tó jọ pẹ́gì há ìka ọwọ́, ó fi ọ̀rá wé ìka náà kó má baà kó ìyẹ̀fun, ó sì po búrẹ́dì mọ́jú.

Ìyàwó rẹ̀ náà kò rí nǹkan kan tó burú níbẹ̀. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Obìnrin tí ojú rẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀, tó lè wo kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó sọ fún ọ pé ẹni tó ni ín ti sanra sí i, òun ló tún fi bí wọ́n ṣe ń di bẹ́líìtì náà lẹ́yìn han ọkọ rẹ̀ kó tó jáde. Ilé ìwòsàn ló sọ bẹ́ẹ̀, ta wá ni alágbàfọ̀ tí yóò bá ilé ìwòsàn jiyàn?

Ọ̀rọ̀ tó gbé wọn dé ilé ìwòsàn yìí ti tó ọdún mẹ́fà. Ọkọ rẹ̀ máa ń hanrun. Ìyẹn kì í ṣe tuntun. Àwọn aládùúgbò ti fún un lórúkọ, Ẹ̀rọ Ìlọta ni wọ́n ń pè é, ojú rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pè é. Kì í ṣe híhanrun ló ń dẹ́rù ba ìyàwó rẹ̀. Ìgbà tó bá dákẹ́ ni. Á máa hanrun lọ, ohùn á ga, á tún ga sí i, lójijì, kẹ́kẹ́ á pa. Àyà á máa gbìyànjú láti gbéra, afẹ́fẹ́ kò ní wọlé. Alágbàfọ̀ ti gbé tábìlì ìlọṣọ rẹ̀ wá sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá nítorí èyí, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì. Bí kẹ́kẹ́ bá ti pa, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà nìyẹn: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ní orí àrún, ó ti gbé áyọ́ọ̀nù nàró. Ní orí ẹ̀jọ, ọwọ́ rẹ̀ ti ba àtẹ́lẹsẹ̀ ọkọ, pá! Ọkọ á fà gùú, á mí, á yí ẹ̀gbẹ́ padà. Alágbàfọ̀ á padà sídìí ṣẹ́ẹ̀tì. Kò ní í tó ìṣẹ́jú méjì tí kẹ́kẹ́ á tún fi pa.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀jọ? Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó kà á, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ pin sí, ibẹ̀ ló sì dúró sí láti ìgbà náà. Tó bá fẹ́ lọ sá aṣọ lẹ́yìnkùlé, eré ló máa ń sá lọ, eré ló sì máa ń sá bọ̀, àdúrà ò ní kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó dá a lójú gbangba pé òun lòun ń mí fún ọkọ òun, pé ọjọ́ tí ọwọ́ òun bá kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀ yẹn pẹ́nrẹ́n, ó tán.

Ọkọ kò mọ èyíkéyìí nínú gbogbo èyí. Ohun tóun mọ̀ ni pé òun ń sùn fún wákàtí méje, òun sì ń jí bí ẹni tí kò fojú kan oorun. Ó ń sùn sórí àga, ó ń sùn sídìí oúnjẹ, ó ń sùn tí wọ́n bá ń bá a sọ̀rọ̀. Ó fi iyọ̀ sí ìyẹ̀fun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kò sì lè búra pé ẹlòmíì ló ṣe é. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló sùn lórí ìdúró nídìí ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun, ẹ̀rọ fa apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wọlé títí dé ìgúnwọ́ kí ẹnì kan tó sáré pa iná. Ọ̀gá ilé búrẹ́dì pè é. Ó ní kó lọ gba ìwé wá. Bí ìwé bá ní àìsàn ni, wọ́n á mọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Bí kì í bá ṣe àìsàn, a jẹ́ pé ọ̀lẹ ni, kó máa lọ sílé rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà ti ṣàlàyé fún wọn. Ó ní ọ̀fun àwọn kan máa ń pa dé tí wọ́n bá sùn, ẹ̀rọ kan sì wà tó máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn nímú kó má baà pa dé. Ẹ̀rọ ọ̀hún kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí èémí rẹ̀ bá dúró tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín wákàtí kan ni wọ́n ń gbé e fún. Bí alágbàfọ̀ ṣe gbọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Lójú tirẹ̀, ọkọ òun ti gba ẹ̀rọ nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n dá àpótí padà, dókítà wo ìwé èsì, ó wo ọkọ, ó tún wo ìwé.

“Òdo,” ló wí. “Mi ò rí ìgbà kankan tí èémí yín dúró. Ẹ ò tiẹ̀ hanrun.”

Ọkọ wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó wo dókítà.

“Kò hanrun?”

“Rárá o, mà.”

“Ta ló wá ń hanrun nílé mi?”

Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ó lè jẹ́ ìrònú ló pọ̀ jù, ó kọ oògùn ẹ̀jẹ̀, ó ní kí bàbá máa sinmi dáadáa. Àwọn tó wà lórí ìlà níta ti ń kan ilẹ̀kùn.

Lójú ọ̀nà, wọ́n kọjá oríta méjì. Ọkọ dúró.

“Ìyá àwọn ọmọ, ṣé ó dá ẹ lójú pé mo máa ń dákẹ́?”

“Ẹ̀yin náà ń bi mí ní irú ìbéèrè yẹn?”

“Ẹ̀rọ ò kúkú mọ̀ mí rí. Kí ló máa fi purọ́ mọ́ mi?”

 Ọ̀rọ̀ náà tojú sú alágbàfọ̀. Ọdún mẹ́fà ló ti ń ka nǹkan tí ìwé sọ pé kò sí. Ṣé etí òun ni? Ṣé òun ló ń ṣàìsàn tí wọ́n wá ń gbé ọkọ òun kiri? Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀gá ka ìwé tán, ó ká a, ó dá a padà fún ọkọ rẹ̀. “Ara ẹ le koko. O ṣeun. Tí mo bá tún bá ẹ lójú oorun nídìí ẹ̀rọ yẹn, má wulẹ̀ wá lọ́jọ́ kejì.”

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni alágbàfọ̀ fi ń yí ọ̀rọ̀ náà wò. Ó ń lọ aṣọ, ó ń kà, ó ń gbá àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì ń bi ara rẹ̀ pé kí lòun ń gbá gan-an. Ní ọjọ́ kẹrin, ó so gèlè le, ó padà lọ sí ilé ìwòsàn lóun nìkan. Dókítà kò ráyè. Nọ́ọ̀sì tó ń mójú tó àwọn àpótí oorun ló bá nínú yàrá tóóró kan tí kò ní fèrèsé, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tó ń jẹ bisikíìtì nídìí kọ̀ǹpútà.

“Ẹ kú iṣẹ́, nọ́ọ̀sì. Ẹ̀rọ yín purọ́ mọ́ ọkọ mi.”

Nọ́ọ̀sì gbé bisikíìtì sílẹ̀. “Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jókòó. Irọ́ wo ló pa?”

“Ó ní kò hanrun.”

Kọ̀ǹpútà ló máa ń ṣe ìṣirò èsì fúnra rẹ̀; iye tó bá gbé jáde ni dókítà ń kà. Àwọn ìlà gígùn-gígùn tó wà lábẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ráyè wò ó. Nọ́ọ̀sì ṣí àwọn ìlà náà. Ó wò ó títí, ojú rẹ̀ kún fún ìyanu.

“Mà, ẹ má bínú o. Ṣé orí ìdúró ni bàbá máa ń sùn?”

“Orí ìdúró kẹ̀?”

“Àpótí yìí máa ń mọ̀ tí èèyàn bá dùbúlẹ̀. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di mẹ́fà àárọ̀, bàbá ò dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wò ó, wọ́n ń rìn níbí. Wọ́n tẹ̀ ba níbí. Ibí yìí, wọ́n gbé nǹkan tó wúwo, ọkàn wọn ń sáré.” Ó yíjú sí i. “Níbo ni wọ́n wà lálẹ́ ọjọ́ yẹn?”

“Níbi iṣẹ́ ni. Búrẹ́dì ni wọ́n ń pò.”

Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti jáde. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Alágbàfọ̀ kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó yọ ìwé tí wọ́n fún wọn nínú báàgì, ó tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀, ó fi ìka lé orí ìlà náà.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á sí mi létí.”

Nọ́ọ̀sì kà á. Nígbà tó kà á tán, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

“Ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ló ti wá, mà. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ la ṣe ń tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo èèyàn.”

“Gbogbo èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ńkọ́?”

 Nọ́ọ̀sì ń ronú nípa ọlọ́dẹ tó wá lóṣù tó kọjá, àti awakọ̀ ẹlẹ́rù kan báyìí, àti nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe nínú ilé ìwòsàn yẹn gan-an. Gbogbo wọn ni ìwé sọ fún pé ara wọn le. Ó dìde, ó wá àpótí kan jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Méjì péré ni wọ́n ní, àwọn tó ń dúró dè é sì ju ogójì lọ. Ó ní ọjọ́ méjì lóun lè fi yá wọn láàárín ìlà. Ní ọ̀túnla, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹni tó kàn á wá gbà á. “Tí wọ́n bá fẹ́ sùn ni kí wọ́n so ó o, mà. Bó tiẹ̀ jẹ́ ọ̀sán gangan.”

Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ so àpótí mọ́ àyà, ó sùn. Alágbàfọ̀ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn nídìí tábìlì rẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn. Híhanrun bẹ̀rẹ̀, ó ga, kẹ́kẹ́ pa. “Ẹ̀rọ, ṣé o gbọ́ báyìí?” ló wí lọ́kàn. Ó kà dé ẹ̀jọ, ó gbá àtẹ́lẹsẹ̀. Bó ṣe ṣe ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́tàdínlógún àti aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, kò sì jẹ́ kí ọwọ́ ya. Ẹ̀ẹ̀kan ló jáde pẹ́ díẹ̀, nígbà tó lọ sá àwọn aṣọ tútù, tí okùn já mọ́ ọn lọ́wọ́. Aago mẹ́ta lù, ó tú àpótí náà lára ọkọ rẹ̀, ó sì gba ilé ìwòsàn lọ láìjẹun.

Nọ́ọ̀sì so àpótí mọ́ kọ̀ǹpútà. “Ẹ̀ẹ̀mejì láàárín wákàtí kan, mà.”

“Méjì kọ́, nọ́ọ̀sì. Ẹ tún un wò.”

“Méjì ló wà níbí.”

“Mo jókòó tì í! Mi ò lè ka iye ìgbà tó dákẹ́!”

Nọ́ọ̀sì ṣí àwọn ìlà. Ó ń fi ojú tọ̀ ọ́ lọ, ó dúró, ó padà sẹ́yìn, ó fọwọ́ lérán. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò yé òun náà. Láti aago mẹ́jọ, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan. Nígbà tó di aago mọ́kànlá, láàárín ogún ìṣẹ́jú, èémí dúró lẹ́ẹ̀mẹrìnlá. Lẹ́yìn náà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan mọ́.

“Kí ló ṣẹlẹ̀ ní aago mọ́kànlá, mà?”

“Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Bàbá ń sùn.”

“Ẹ̀yin ńkọ́? Níbo lẹ wà?”

“Mo lọ sá aṣọ. Okùn já.”

“Tí ẹ ò bá sá aṣọ, kí lẹ máa ń ṣe?”

Alágbàfọ̀ wá ṣàlàyé. Ìtìjú díẹ̀ mú un, nítorí kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó sọ bó ṣe máa ń kà, ó sì fi ọwọ́ gbá etí tábìlì láti fi bó ṣe ń gbá àtẹ́lẹsẹ̀ hàn án.

“Mélòó lẹ máa ń kà kẹ́ ẹ tó gbá wọn?” nọ́ọ̀sì béèrè.

“Mẹ́jọ.”

Nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀. “Ó dìgbà tó bá pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí ẹ̀rọ tó kà á.”

Ó pẹ́ kí ó tó yé alágbàfọ̀.  Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ tí omi ọṣẹ ti bó, ó yí i padà, ó tún wò ó. Ọwọ́ yìí ló ti ń sáré síwájú ẹ̀rọ láti àárọ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá fẹ́ mú olè, òun ló ń ta olè lólobó.

“Ẹ̀rọ ṣì wà lọ́wọ́ yín di ọ̀la,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Lọ́la, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Ó máa dáa kẹ́ ẹ tiẹ̀ jáde nílé.”

“Tó bá kú ńkọ́?”

“Wọn ò ní kú, mà. Tí afẹ́fẹ́ bá wọ́n, ara wọn á ta wọ́n jí.”

“Ta ló ní kí ara ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹ ti rí i kó ṣe é fún ọkọ tẹ̀yin ni?”

“Mi ò tíì lọ́kọ, mà.”

“Ẹ rí i báyìí.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, alágbàfọ̀ gbìyànjú. Ó di àpótí mọ́ ọkọ rẹ̀ láyà, ó pa iná áyọ́ọ̀nù, ó gbé báàgì, ó rìn dé ìkángun òpópónà wọn. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ kọ̀ fún un. Ó dúró níwájú ilé ẹni ẹlẹ́ni bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù, lẹ́yìn náà ló yí padà. Ó wọ yàrá, ó gbé àpótí ìjókòó kékeré sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì.

Híhanrun ga. Kẹ́kẹ́ pa.

Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Àyà ọkọ ń gbéra, ó ń já wálẹ̀, afẹ́fẹ́ kò wọlé. Àrún. Ẹ̀fà. Èje. Nígbà tó dé orí ẹ̀jọ, èjìká rẹ̀ méjèèjì gbéra fúnra wọn, ó fi ìdí tẹ ọwọ́ náà mọ́lẹ̀. Ẹ̀sán. Kò kà á débẹ̀ rí láti ọdún mẹ́fà. Ẹ̀wá. Ètè ọkọ rẹ̀ ń di dúdú díẹ̀díẹ̀, àbí ojú òun ló ń ṣe é? Méjìlá, mẹ́tàlá. Nígbà tó di ogún, òógùn ti bo ojú rẹ̀. Nígbà tó di mẹ́rìnlélógún, ó ti dìde, ọwọ́ kan ti jáde, ó ti wà lókè àtẹ́lẹsẹ̀. Àpótí tó wà láyà ọkọ ń tan iná kékeré rẹ̀, ó ń pa á, ó ń tàn án, kò bìkítà. Bí òun bá gbá a, kò ní sí ìwé. Bí ìwé kò bá sí, ẹ̀rọ kò ní sí. Bí ẹ̀rọ kò bá sí, irú èyí lòun ó máa kà títí ọjọ́ tí òun kò ní lè sáré mọ́. Bí òun kò bá sì gbá a ńkọ́? Kò mọ èyí tí ì bá mú. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Ọkọ rẹ̀ fà gùú, ó mí, ó fi apá nu ẹnu, ó yí ẹ̀gbẹ́ padà.

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Alágbàfọ̀ tún jókòó. Ayọ̀ ló kọ́kọ́ dé, ó sì dé tagbára-tagbára. Lẹ́yìn náà ni inú bí i, inú bí i débi pé ó fẹ́ jí ọkùnrin náà kó bá a jà. Ta ló jí ọ? Ọjọ́ wo lo ti ń dá a ṣe? Ṣé gbogbo àkókò tí mo fi ń sáré, tí mi ò lè jókòó jẹun tán, tí mi ò lè bá ẹbí mi dé òde, ṣé o ti ń jí fúnra ẹ látẹ̀yìnwá? Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò bójú mu, ó mọ̀ pé ó yẹ kóun máa dúpẹ́ ni. Ẹkún ló wá gbé e. Ó mú aṣọ tó sún mọ́ ọn jù lọ, ó fi bo ẹnu kí ẹ̀rọ má baà gbọ́, ìgbà tó wò ó ló rí i pé ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà ni, funfun, tó ti lọ̀ tán. Yóò tún un fọ̀ nìyẹn.

Kẹ́kẹ́ tún pa. Ó tún kà. Ó kà á títí di aago mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan tiẹ̀ wà tó dé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò lábẹ́ ìdí rẹ̀ mọ́.

“Mẹ́tàlélógójì,” ni nọ́ọ̀sì wí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. “Láàárín wákàtí kan, mà. Mẹ́tàlélógójì.” Ó tẹ ìwé jáde lójú ẹsẹ̀. Ìwé yẹn náà ni ọ̀gá ilé búrẹ́dì kà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tó kà á lẹ́ẹ̀mejì, tó wá ní kí ọkọ alágbàfọ̀ lọ máa di búrẹ́dì sínú ọ̀rá ná títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n kò pè é ní ọ̀lẹ mọ́.

Ṣùgbọ́n kí alágbàfọ̀ tó kúrò nínú yàrá tóóró náà, ó béèrè ohun tó gbé wá.

“Nọ́ọ̀sì, ṣé èmi ni mo wá ń ṣe ọkọ mi ní ibi?”

“Rárá o, mà. Ẹ̀ ń ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹ sì ń bo àìsàn wọn mọ́lẹ̀. Méjèèjì ni.”

Alágbàfọ̀ gbé méjèèjì wò, kò mọ èyí tó máa gbé lọ sílé. Nọ́ọ̀sì fa ìwé olójú ewé kan náà sọ́dọ̀, ó fi bírò fa ìlà lé “aago mẹ́wàá alẹ́” lórí, ó kọ “nígbà tí o bá máa ń sùn” sókè rẹ̀. Ó tún kọ ìlà kan sísàlẹ̀: kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹni tó ń sùn. Ó ní òun á kọ̀wé sí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ. Bóyá wọ́n á dáhùn, bóyá wọn ò ní í dáhùn, òun kò mọ̀.

Ní ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ dé ilé. Ọkọ gbé ìbòmú rẹ̀ wọ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ó kọ́kọ́ ń ráhùn pé ó ń yún òun, kò pẹ́ tó fi sùn. Alágbàfọ̀ wà nídìí tábìlì. Ẹ̀rọ ń mí wúyẹ́wúyẹ́, kò tó ohun tí ń pariwo. Kò sí híhanrun. Kò sí nǹkan kan. Ó lọ apá ṣẹ́ẹ̀tì kan, ó ń lọ èkejì, kò sí nǹkan kan síbẹ̀. Ení, èjì, ẹ̀ta. Kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ní orí ẹ̀jọ, ó ti wà ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, pá!

Ọkọ rẹ̀ tají pìrì. Ojú rẹ̀ méjèèjì yọ lókè ìbòmú, ojú tó mọ́ kedere, tí ìyàwó rẹ̀ kò tíì rí irú rẹ̀ láti ọdún mẹ́fà wá.

“Kí ló dé?”

“Ẹ dákẹ́.”

“Mo ń sùn ni.”

“Ẹ dákẹ́ jù. Mi ò gbọ́ yín.”

Ọkùnrin náà wò ó. Ó na ọwọ́, ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé àyà ara rẹ̀, níbi tó ti ń lọ sókè tó ń bọ̀ wálẹ̀.

“Mo ń mí,” ló wí.

“Kí ni mo wá fẹ́ máa ṣe báyìí?”

Ọkọ rẹ̀ ti sùn kó tó lè dáhùn. Alágbàfọ̀ dúró síbẹ̀, ó tẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka èémí náà. Ó kà á kọjá ẹ̀jọ, ó kọjá ẹ̀wá, ó dé ogójì, ó ṣìnà, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení.